Lẹ́tà sí Bọ́sẹ̀ lórí ẹ̀yáwó NELFUND

Bọ́sẹ̀ ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé ara le, ṣé ẹ̀kọ́ ń lọ déédéé? Ní ti NELFUND, àjọ ìjọba tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, tí o béèrè nípa rẹ̀, má tíì fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù kankan. Kọ́kọ́ kó NIN, BVN àti ìwé JAMB rẹ síwájú, kí o fi orúkọ tó wà lórí wọn wéra. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń há. Bí NIN bá kọ “Abosede”, tí BVN kọ “Bosede”, ẹ̀rọ ò ní gbà pé ẹnì kan náà ni. Ọjọ́ ìbí tó fi ọjọ́ kan péré yàtọ̀ náà á dá ọ dúró. NIMC, àjọ ìjọba tó ń rí sí nọ́ńbà ìdánimọ̀, ló ń tún NIN ṣe, báǹkì ló ni ti BVN. Owó tí wọ́n ń gbà lórí àtúnṣe ọjọ́ ìbí ju ti orúkọ lọ, nítorí náà tètè bẹ̀rẹ̀.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba ni tìrẹ, ìyẹn dára, torí NELFUND kì í yá ọmọ ilé-ìwé aládàáni lówó. Àmọ́ ilé-ìwé gbọ́dọ̀ ti fi orúkọ yín ránṣẹ́ kí o tó lè wọlé sí nelf.gov.ng. Bí o bá tẹ nọ́ńbà mátíríìkì, tí wọ́n ní àwọn ò rí ọ, má wulẹ̀ máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ó lè jẹ́ pé wọn ò tíì fi í ránṣẹ́, tàbí kí wọ́n ti gbàgbé àmì ìlà (/) kan láàárín nọ́ńbà náà. Lọ bá ẹni tí ilé-ìwé fi sídìí ọ̀rọ̀ NELFUND.

Fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ ò le. Orúkọ ìwọ gan-an ni kó wà lórí àkáǹtì tí o bá fi sílẹ̀, má lo ti ẹ̀gbọ́n rẹ. Ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù náà, kò sì sí onídùúró mọ́: òfin ọdún 2023 ló béèrè fún un, ti 2024 ti yọ ọ́ kúrò. Ẹni tó bá ní òun á bá ọ wá onídùúró, owó rẹ ló ń wá.

Ọ̀dọ̀ ilé-ìwé ni owó ilé-ìwé ń lọ tààrà. Owó ìgbọ́bùkátà, ₦20,000 lóṣù, ló ń wọ àkáǹtì rẹ, o sì lè sọ pé o ò fẹ́ ẹ. Lójú tèmi, bí ilé bá lè bọ́ ọ, fi í sílẹ̀. Oṣù mẹ́wàá ti di ₦200,000. Kò sí èlé lórí rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbèsè ni, kì í ṣe sàráà.

Bí o bá ti san owó ilé-ìwé kí ẹ̀yáwó tó dé, tọ́jú rìsíìtì. Ilé-ìwé ló yẹ kó dá owó rẹ padà, torí orí orúkọ rẹ ni gbèsè náà wà.

Ọdún méjì lẹ́yìn tí o bá parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ni sísan bẹ̀rẹ̀: ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ, agbanisíṣẹ́ ni yóò máa yọ ọ́. Bí iṣẹ́ ò bá tíì sí, o lè búra ní kóòtù, kí o sì tọrọ àfikún àkókò.

Sáà ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìbéèrè ẹ̀yáwó tirẹ̀ o; ti ọdún yìí ò ní gbé ọ dé ọdún tó ń bọ̀. Bí ohunkóhun bá há, ya àwòrán ojú ìwé náà ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni,
Fúnmi