Ẹ Ò Lè Máa Wọn Wàrà Kẹ́ Ẹ Má Wo Ẹni Tó Fún Un

Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá.

Ọ̀rọ̀ màlúù ti di ọ̀rọ̀ ìjà nílẹ̀ wa, ẹnikẹ́ni tó bá ti dárúkọ ẹ̀, darandaran tó fi ẹran jẹ oko olóko lọkàn gbogbo wa máa ń lọ bá. Ó yé mi. Àmọ́ ọ̀rọ̀ wàrà ni mo fẹ́ sọ, torí látìgbà tíjọba àpapọ̀ ti dá iléeṣẹ́ tó ń rí sí ẹran ọ̀sìn sílẹ̀ ní 2024, ọ̀rọ̀ ránṣì ò tán lẹ́nu wọn mọ́, wọ́n ní àwọn fẹ́ gbé màlúù òyìnbó wá, wọ́n ní owó wàrà tá à ń kó wọlé ti pọ̀ jù, bílíọ̀nù kan àtààbọ̀ dọ́là ni wọ́n máa ń pè é lọ́dún. Ó dáa bẹ́ẹ̀ o. Èmi tí mò ń ṣe yógọ́ọ̀tì tà l'Abẹ́òkúta níbí, tí mò ń ra wàrà tútù lọ́wọ́ àwọn ará gáà lápá Ọ̀dẹ̀dá, inú mi á dùn tí wàrà bá pọ̀, torí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn iná la fi ń wá a. Ohun tí ò jẹ́ kí n lè dákẹ́ ni pé nínú gbogbo ètò tí mò ń gbọ́ lórí rédíò, lítà nìkan ni wọ́n ń kà. Lítà mélòó, lítà mélòó. Bí wọ́n ṣe máa tọ́jú màlúù ọ̀hún, ibi tí ìgbẹ́ ẹ̀ máa gbà, iye tí wọ́n máa san fún ọmọ tó máa jí nídàájí láti fún un, kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́.

Èmi ò sí lára àwọn tó máa ní kí gọ́mẹ́ǹtì lọ kó wòlé-wòlé dà sí gbogbo gáà o. A mọ ara wa. Wòlé-wòlé á dé, wọ́n á fún un lówó ọkọ̀, wọ́n á bá a di wàrà sí láílọ́ọ̀nù, ó parí, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó lè mú kí nǹkan yí padà kíákíá ni ẹni tó ń ra wàrà. Wàrà tútù kì í dúró de èèyàn, nínú ooru Abẹ́òkúta yìí tẹ́ ẹ bá fún un láàárọ̀ tẹ́ ẹ ò rí ibi tó tutù gbé e sí, kó tó di ọ̀sán ó ti kan. Torí náà tí ẹni tó ń rà á bá ti lè sọ pé òun ò gba tòní, ọ̀rọ̀ yẹn á yé olóko ju ìwé òfin lọ.

Wọ́n kúkú ti ń ṣe é fún wàrà fúnra ẹ̀. Ẹ lọ síbi tí àwọn kọ́ńpìnnì ti ń gba wàrà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní, irú èyí tó wà lápá Ìṣẹ́yìn tí kọ́ńpìnnì tó ń ṣe Peak ti ń rà láti ohun tó lé lọ́dún mẹ́wàá. Iṣẹ́ ibi ìgbawàrà ò fara sin. Wọ́n á ti lactometer, ohun tí wọ́n fi ń wọn bí wàrà ṣe ki tó, bọ inú ẹ̀, tó bá wà láàárín 26 sí 32 ó dáa, tó bá fi wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ wọ́n ti mọ̀ pé ẹnì kan ti bomi là á. Wọ́n á da spírítì díẹ̀ mọ́ ọn, tó bá dì wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹ gbé e padà sílé. Wọ́n á tún wo ohun tẹ́ ẹ fi gbé e wá, torí kẹ́ẹ̀gì epo tí wọ́n fọ̀ lóréfèé, òórùn ẹ̀ ò ní lọ láéláé. Èyí tó bá yege ló máa wọ táǹkì tó ń mú un tutù sí nǹkan bíi digrii 4. Gbogbo àyẹ̀wò yìí dáa, àmọ́ orí wàrà ló pin sí. Ẹni tó gbé e wá ò gbọ́ ìbéèrè kankan nípa ibi tó ti gbé e wá.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ti màlúù. Láti 1965 ni ìgbìmọ̀ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti jábọ̀ pé ẹran ọ̀sìn gbọ́dọ̀ ráyè dìde, kó ráyè dùbúlẹ̀, kó yí ara ẹ̀ padà, kó lá ara ẹ̀, kó na ẹsẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1979 wọ́n ti sọ ọ́ di nǹkan márùn-ún: kébi àti òùngbẹ má máa pa á, kí ibùgbé ẹ̀ tù ú lára, kí wọ́n tọ́jú ọgbẹ́ àti àìsàn ẹ̀, kó lè hùwà bí irú ẹ̀ ṣe ń hùwà, kó má sì máa gbé nínú ìpayà. Kò sí èyí tó gba dọ́là níbẹ̀. Àmọ́ tí wọ́n bá gbé Friesian, màlúù òyìnbó dúdú-òun-funfun yẹn, wá, ẹran tí ooru ti máa ń yọ lẹ́nu láti nǹkan bíi digrii 25, tí wọ́n wá so ó mọ́lẹ̀ sábẹ́ páànù nínú oṣù kẹta l'Abẹ́òkúta, láìsí fáànù, láìsí omi tí wọ́n ń wọ́n sí i lára, ẹ ò ní rí lítà ogún lóòjọ́ tí wọ́n ṣèlérí. Ahọ́n ló máa yọ síta, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, itọ́ á máa kán tótó, koríko tẹ́ ẹ bá gbé síwájú ẹ̀ kò ní wò ó. Màlúù funfun tiwa, lítà kan sí méjì lóòjọ́ ló ń mú wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó mọ oòrùn, ó mọ eégbọn. Tí wọ́n bá fẹ́ gbọ́ tèmi, kí wọ́n jẹ́ kí tiwa àti tòyìnbó gun ara wọn, kí wọ́n sì kọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà kẹ́ran tó dé, kì í ṣe kẹ́ran ti dé tán ká wá máa wá páànù.

Ọ̀rọ̀ ọmọ màlúù tún wà níbẹ̀. Ní gáà tí mo ti ń rà, àwọn ìyá yẹn á kọ́kọ́ jẹ́ kọ́mọ mu díẹ̀ kí wàrà lè sọ̀, wọ́n á wá so ọmọ mọ́ ẹsẹ̀ iwájú ìyá ẹ̀, ìyá á máa lá a lórí, wọ́n á máa fún wàrà sínú igbá, kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni wọ́n máa fún, wọ́n á ṣẹ́ díẹ̀ kù sọ́mú fún ọmọ. Ẹ lọ sáwọn fáàmù ńlá lókè òkun, ọjọ́ tí wọ́n bí i ni wọ́n ti máa ń gbà á lọ́wọ́ ìyá ẹ̀. Ní 2023 àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù ló wá ń dá wọn nímọ̀ràn pé kí ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá fún nǹkan bí ọjọ́ kan ó kéré tán. Ìyá Fúlàní tí ò kàwé rí ti ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ látọdúnmọ́dún. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé tí owó lítà bá ti wọ ọ̀rọ̀, tí wọ́n ní kí wọ́n sáà ti kún kẹ́ẹ̀gì, ẹnu ọmọ màlúù yẹn ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ já a gbà. Mo ti ń rí i báyìí, àwọn ọmọ màlúù kan wà tẹ́ ẹ máa ka egungun ìhà wọn láti ojú títì.

Ti omi àti ilẹ̀, ẹ jẹ́ n sáré sọ ọ́. Màlúù ńlá tó ń mú wàrà wá lè mu tó ọgọ́rùn-ún lítà omi lọ́jọ́ tóoru bá mú, ìgbẹ́ ẹ̀ sì lè tó 40 kílò lóòjọ́. Àádọ́ta irú ẹ̀ níbì kan, tọ́ọ̀nù méjì nìyẹn lójúmọ́, tí òjò bá sì rọ̀, ibo ló ń gbà? Àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn lọ bá Odò Ògùn la ní lápá ibẹ̀ yẹn, Odò Ògùn yìí náà ni wọ́n ti ń fa omi ní Arakanga fún gbogbo wa. Ẹni tó bá ń ṣe fáàmù, kó fi kòtò tó ní sìmẹ́ǹtì hàn wá, kó sì sọ oko tó ń kó ajílẹ̀ ẹ̀ lọ, àwọn àgbẹ̀ tí owó fatiláísà ti lé sá lẹ́yìn oko á bá a gbé e. Ẹ̀fúùfù tí màlúù ń gùfẹ̀ tó ń mú kí ayé gbóná náà wà ńbẹ̀, Denmark ti fẹnu kò pé láti 2030 àwọn máa máa gba owó orí lórí ẹ̀. Mi ò ní ká gba owó orí lọ́wọ́ Fúlàní kankan o, ẹ jọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n màlúù tébi ń pa tó ń mú lítà kan wá ń gùfẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ ni, tó bá jẹun dáadáa tó mú lítà mẹ́rin wá, ìgùfẹ̀ tó kan lítà kọ̀ọ̀kan á dín kù. Oúnjẹ ọ̀hún sì wà nílẹ̀: èèpo ẹ̀gẹ́ tí àwọn tó ń ṣe gàrí àti láfún ń dáná sun káàkiri ìlú wa. Àwọn ILRI, iléeṣẹ́ ìwádìí ẹran ọ̀sìn àgbáyé tó wà n'Íbàdàn, ti fi han gbogbo ayé bí wọ́n ṣe ń rin ín, tí wọ́n ń fún un, tí wọ́n ń sá a, tọ́ọ̀nù mẹ́ta èèpo tútù á di nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan oúnjẹ ẹran. Yunifásítì ètò ọ̀gbìn wà ní Àlàbàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí tó ń kọ́ dókítà ẹran, kí ló tún kù.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gan-an ló ká mi lára jù. Fáàmù kan wà tí mo rà lọ́wọ́ wọn rí, mi ò ní dárúkọ, inú yàrá tí wọ́n ń kó oúnjẹ màlúù sí làwọn ọmọkùnrin tó ń fún wàrà ń sùn, orí àpò ni wọ́n tẹ́ ẹní sí. Ọ̀kan nínú wọn ló ń fi pọ́ńpù ẹ̀yìn fọ́n oògùn eégbọn sára màlúù, kò bo imú, kò wọ ìbọ̀wọ́, sílípáàsì ló wọ̀, oògùn ń kán sí i lẹ́sẹ̀, ọwọ́ kan náà ló máa fi fún wàrà lálẹ́. Mo béèrè ọjọ́ tó ń sinmi, ó kàn rẹ́rìn-ín. Màlúù ò mọ Sọ́ńdè, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún un, ìyẹn ló fi yẹ kí wọ́n gba èèyàn tó máa lè pín ọjọ́ ṣe. Àwọn kan wà tí ibà ò fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n á mu oògùn ibà títí, ara á ṣì máa gbóná, oríkèé á máa ro wọ́n, ó sì lè jẹ́ brucellosis ni, àìsàn tí èèyàn ń kó lára màlúù àti nínú wàrà tí wọn ò sè. Ikọ́ ife tó ń bá màlúù jà náà ń ran èèyàn. Ẹni tó bá ń ra wàrà tí kò béèrè bóyá wọ́n ń yẹ màlúù àti àwọn òṣìṣẹ́ wò, ara ẹ̀ ló ń tàn.

Ẹ ó ní òfin wà. Òfin owó oṣù tó kéré jù wà lóòótọ́, 70,000 náírà láti 2024, àmọ́ kò mú ẹni tí òṣìṣẹ́ ẹ̀ ò bá pé 25, fáàmù mélòó ló ní òṣìṣẹ́ 25 lágbègbè wa? Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé wà láti 2003, síbẹ̀ ẹ rìn gba ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá láago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ ìwé, ẹ ó rí ọmọ tí ò ju ọdún mẹ́wàá lọ tó dá màlúù bí ogójì sójú ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́.

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí: owó. Kò sẹ́ni tó máa ra bàtà òjò fún òṣìṣẹ́ tàbí kó kọ́ kòtò ìgbẹ́ tó bá jẹ́ iye tí wọ́n ń ra tẹni tí ò ṣe é náà ni wọ́n ń ra tiẹ̀. Ní Íńdíà, láti Anand ní 1946 ni wọ́n ti kó ara wọn jọ sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọ́n ń gba wàrà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ọ̀rá tó wà nínú wàrà ni wọ́n fi ń sanwó, ẹni tó ní màlúù méjì ń jẹ nínú ẹ̀ bíi ti ẹni tó ní ogún. Àwọn tiwa náà lè fi kún ti ọ̀rá: tẹ́ran yín bá níbòòji àti omi, tí ọmọ ò bá sí nídìí iṣẹ́, tí òṣìṣẹ́ ní ibi tó ń sùn àti ọjọ́ ìsinmi, tí ìgbẹ́ ò wọ odò, náírà báyìí á gun orí lítà yín. Ẹni tí ò tíì ṣe é, kí wọ́n fún un láàyè ọdún kan sí méjì. Èmi náà ti ń fi díẹ̀ lé e fún àwọn tó ń tọ́jú ẹran wọn dáadáa, kò pa mí lára.

Ẹ dákun, kí wọ́n má wá fi èyí lé àwọn ìyá oníwàrà kúrò ní Láfẹ́ńwá pé wọn ò dé ojú òṣùwọ̀n. Àwọn yẹn kúkú sè é, ewé bọmubọmu ni wọ́n fi mú un dì, lójú wa báyìí ni, ó sì mọ́ ju ọ̀pọ̀ nǹkan tá à ń rà nínú fíríìjì lọ. Ìkòkò tó dáa àti omi ẹ̀rọ ni kí wọ́n bá wọn wá.

Ẹ̀yin oníròyìn lẹ lè bá wa bi àwọn kọ́ńpìnnì àti àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ wa tó wà l'Ókè-Mosàn léèrè, kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ ránṣì: eélòó ni wọ́n máa fi ra lítà wàrà látọ̀dọ̀ ẹni tó ń tọ́jú èèyàn àti ẹran, eélòó sì ni ti ẹni tí ò tọ́jú wọn? Tó bá jẹ́ iye kan náà ni wọ́n dá lóhùn, ẹ kọ ọ́ síwájú ìwé ìròyìn yín bẹ́ẹ̀ fún wa ká rí i.

Èmi ni tiyín,
Oníyógọ́ọ̀tì, Aṣerò, Abẹ́òkúta