Àádọ́ta ọ̀kẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí nọ́ńbà kan tí kì í wọ́n nínú ìwé ìròyìn yín, ìyẹn mílíọ̀nù kan. Ó ń dùn mí pé a ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ owó nìkan, tí a kì í dúró wo ohun tó wà nínú nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ orúkọ tí èdè wa fún un ti ṣí i sílẹ̀ fún wa.

Àádọ́ta ọ̀kẹ́ ni a ń pè é. Láyé owó ẹyọ, ogójì ẹyọ ló ń wà lórí okùn kan, àádọ́ta okùn ló ń jẹ́ ẹgbàá (2,000), ẹgbàá mẹ́wàá ló sì ń kún àpò kan, tí í ṣe ọ̀kẹ́ (20,000). Ẹni tó bá pe àádọ́ta ọ̀kẹ́ ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ 50 lọ́nà 20,000. Àwọn mìíràn ń pè é ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún, ìyẹn 1,000 tí a fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀.

Bí a bá wá gbogbo nọ́ńbà tó lè pín in láìṣẹ́kù, mọ́kàndínláàádọ́ta (49) ni a ó rí. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà wọ́n pé iye wọn kò ṣe é pín sí méjì, nítorí méjì-méjì ni wọ́n ń rìn: 50 ń bá 20,000 rìn, 40 ń bá 25,000 rìn, 64 ń bá 15,625 rìn, títí tí méjì-méjì mẹ́rìnlélógún fi pé. Ẹgbẹ̀rún nìkan ló dá dúró, nítorí òun fúnra rẹ̀ ni ẹnì kejì ara rẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Bí ènìyàn mẹ́ta bá pín àádọ́ta ọ̀kẹ́ ẹyọ dọ́gba, ẹyọ kan yóò ṣẹ́kù. Bí wọ́n bá jẹ́ méje, mẹ́sàn-án, mọ́kànlá, mẹ́tàlá tàbí mẹ́tàdínlógójì, ẹyọ kan ṣoṣo náà ni yóò ṣẹ́kù. Kì í ṣe èèṣì rárá. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò, bí èdè wa ṣe máa ń ka nǹkan, kí ó di àádọ́ta ọ̀kẹ́ ó dín kan: 999,999 yìí jẹ́ 27 × 7 × 11 × 13 × 37. Nínú ti àwọn méje, ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 142,857. Ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 285,714, ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 428,571, títí dé ìlọ́po mẹ́fà: àwọn àmì nọ́ńbà mẹ́fà kan náà (1, 4, 2, 8, 5, 7) ni, bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn kò yí padà, ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n nìkan ló ń yí.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ mi ni pé nígbà tí ẹ bá ń tẹ iye owó ìṣúná tàbí iye ènìyàn jáde, kí ẹ kọ àádọ́ta ọ̀kẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ mílíọ̀nù. Gbogbo ọmọ tí mò ń kọ́ ní ìṣirò ló mọ̀ pé òdo mẹ́fà ló tẹ̀lé ọ̀kan. Ìgbà tí a fi okùn àti àpò ṣírò rẹ̀ ni wọ́n tó rí ìdí tí òdo náà fi jẹ́ mẹ́fà: 2 mẹ́fà àti 5 mẹ́fà ni a fi sọ ara wọn di púpọ̀ nínú rẹ̀, 2 kan àti 5 kan ló sì ń bí òdo kan.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ ìṣirò kan,
Ìbàdàn.