Ta ni wọ́n bi kí wọ́n tó tẹ kàlẹ́ńdà ọjà wa?

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, torí ọ̀rọ̀ yìí ń ká mi lára gidi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi obìnrin kó tòmátì àti tàtàṣé wá sí ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún tó wà nítòsí wa. Ọjọ́ tí kàlẹ́ńdà ìjọba ìbílẹ̀ kọ “Ọjà” sí gàdàgbà ló wá. Ewúrẹ́ ló bá lábẹ́ àtíbàbà. Ọjà ti kọjá lánàá. Owó àjọ ló fi ra ẹrù yẹn. Ìdajì rẹ̀ ló tà ní ọ̀pọ̀ lẹ́bàá títì, ìdajì yòókù jẹrà. Òun nìkan kọ́ ló sì kàn. Àwọn elélùbọ́ tó wá láti ọ̀nà jíjìn sun inú ọkọ̀ mọ́jú. Alápatà kan ti pa màlúù kó tó mọ̀ pé kò sẹ́ni tí yóò rà á.

Ohun tí wọ́n ṣe ò ju èyí lọ. Ẹni tó ṣe kàlẹ́ńdà náà gbọ́ pé ọrọọrún là ń ná ọjà wa. Ó mú ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, tó jẹ́ ọjọ́ ọjà lóòótọ́, ó wá ń fi márùn-ún kún un lọ: 1, 6, 11, 16, 21. Bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹni tó bá ti gbé igbá lọ sọ́jà rí ló mọ̀ pé 1, 5, 9, 13, 17, 21 ni. Yorùbá ń ka òní mọ́ ọn. Ọjọ́ ọjà tí a wà yìí ni ọ̀kan, ọ̀la ni èjì, ọ̀túnla ni ẹ̀ta, ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni ẹ̀rin, ọjà mìíràn ló di àrùn-ún. Nínú ogún ọjọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni kàlẹ́ńdà yìí ń bọ́ sí ọjọ́ ọjà gan-an. Nínú ọdún ọlọ́jọ́ 365 tó fi ọjọ́ ọjà bẹ̀rẹ̀, ọjà 92 la ó ná. Tiwọn jẹ́ 73. Ọjà mọ́kàndínlógún ló wọ inú ìwé wọn lọ tí kò jáde mọ́, ọ̀pọ̀ nínú èyí tó sì kù ni wọ́n gbé sí ọjọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Wọn ò bi ẹnikẹ́ni. Wọn ò bi Ìyálọ́jà, wọn ò bi ààfin, wọn ò bi babaláwo kankan. Nígbà tí àwọn obìnrin lọ fẹjọ́ sùn, èsì tí wọ́n fún wọn ló bí mi nínú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Wọ́n ní márùn-ún ni márùn-ún ń jẹ́, pé àwọn baba wa ni kò mọ ìṣirò.

Ẹ gbà mí o! Ìtàn ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ níléèwé girama títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn kí n dákẹ́. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ wo la ń sọ ọ́ lórúkọ? Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni, a sì ń pè é ní ọjọ́ kẹjọ. Ṣé ẹnì kan wà ní ọ́fíìsì náà tí wọn ò sọ lórúkọ ni? Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n kan Jésù mọ́ àgbélébùú, ọjọ́ Àìkú ló jíǹde, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì sì ń ka ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ pé “ní ọjọ́ kẹta”. Ta ló ń ṣíwọ́ ní àárín ìsìn láti sọ pé ọjọ́ méjì ni?

Àwọn ará Róòmù àtijọ́, tí kàlẹ́ńdà tí gbogbo ayé ń lò ti ọ̀dọ̀ wọn wá, bí wa gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń kà. Wọ́n ní ọjà kan tí àwọn àgbẹ̀ ń ti oko wá ná nílùú, ọjọ́ mẹ́jọ-mẹ́jọ ló ń bọ́ sí, nundinae ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ọjà ọjọ́ kẹsàn-án. Ọjà ìsán wa náà nìyẹn láìyọ ohunkóhun kúrò! Wọ́n rí kàlẹ́ńdà wọn kan ní Anzio ní Ítálì, tí wọ́n kùn sára ògiri kí Julius Caesar, aláṣẹ Róòmù, tó tún òǹkà ọdún ṣe. Lẹ́bàá ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà kan wà níbẹ̀, láti A dé H, bó bá dé H a tún padà sí A. Ẹni tó bá mọ lẹ́tà ọjà lọ́dún náà, ó ti mọ ọjọ́ ọjà títí ọdún yóò fi parí.

Ẹ sì wo ohun tí àwọn aláṣẹ fi ojú òǹkà rí níbẹ̀. Caesar gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ Sosigenes, onímọ̀ ìràwọ̀ láti Alẹkisáńdíríà. Ó sọ ọdún 46 ṣáájú ìbí Jésù di ọjọ́ 445 kó lè bá oòrùn mu, ó sì ní kí wọ́n máa fi ọjọ́ kan kún ọdún kẹrin-kẹrin. Wọ́n pa á ní ọdún 44. Àwọn àlùfáà àgbà tí iṣẹ́ náà kù sí lọ́wọ́ wá ka ọdún tí wọ́n fi ọjọ́ kún gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú mẹ́rin tó tẹ̀ lé e, ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n bá ń fi ọjọ́ kún un. Ọdún 36 ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 12 wọlé níbi tó yẹ kí 9 wà. Augustus, Késárì tó wà lórí oyè nígbà tí wọ́n bí Jésù, ló dá wọn dúró, ó sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọdún kọjá láìfi ọjọ́ kún un kí òǹkà tó tọ́. Irú àṣìṣe yẹn gan-an ni àwọn tiwa ṣe, àfi pé wọ́n yí i po: àwọn ti Róòmù ka òní mọ́ ibi tí kò yẹ, àwọn tiwa yọ òní kúrò níbi tó yẹ. Nígbà tí Caesar ṣẹ̀ṣẹ̀ pàṣẹ òǹkà tuntun náà ni ẹnì kan sọ fún Cicero, òṣèlú Róòmù kan, pé àwọn ìràwọ̀ kan yóò yọ lọ́la, Cicero sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti pàṣẹ. Mo rántí ọ̀rọ̀ náà nígbà tí mo rí kàlẹ́ńdà wa. Wọ́n rò pé bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ síwèé, ọjà yóò ná.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Faransé gbìyànjú ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́wàá láti 1793, wọ́n pa kàlẹ́ńdà náà tì ní ọjọ́ kìíní ọdún 1806. Soviet yí ọ̀sẹ̀ padà ní 1929, ó tún un yí ní 1931, wọ́n padà sí ọlọ́jọ́ méje ní 1940.

Ọlọ́gbọ́n ará Gíríìsì náà, Aristotle, ní òǹkà ni àsìkò jẹ́, òǹkà ohun tó ń lọ láti ìṣáájú dé ìkẹyìn. Ó wá bèèrè bóyá àsìkò lè wà bí kò bá sí ẹ̀mí kankan tí yóò kà á. Ní ọjà tiwa, àwọn obìnrin ló ń kà á. Wọ́n ti ń kà á kí ìjọba ìbílẹ̀ tó wà. Ó sì dùn mí pé ẹni tó gba owó oṣù lórí iṣẹ́ yìí ò ka òǹkà wọn sí ìmọ̀. Heraclitus ará Éfésù sọ ní nǹkan bí ọdún 500 ṣáájú ìbí Jésù pé oòrùn tuntun ló ń yọ lójoojúmọ́. Gbogbo ayé ń fi í pe ọlọ́gbọ́n títí dòní. Àwọn àgbà wa ní bí òní ti rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dÍfá ọrọọrún. Ọgbọ́n kan náà ni, àfi pé àwọn tiwa tún sọ ìgbà tó yẹ kéèyàn padà lọ wádìí wò. Òun náà ni kàlẹ́ńdà yìí gbé jù sẹ́yìn.

Àbá mi rèé. Kí wọ́n fi lẹ́tà mẹ́rin sí ara ọjọ́ ọdún, A, B, D, E, bí álífábẹ́ẹ̀tì wa ti tò wọ́n, kí wọ́n máa yí i po. Kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀ nítorí àwọn tí kò kàwé. Ọjọ́ Awo, ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Jàkúta àti ọjọ́ Ọbàtálá, kálukú wọn yóò ní lẹ́tà tirẹ̀. Kí wọ́n to orúkọ gbogbo ọjà agbègbè wa sí ìsàlẹ̀ ìwé, kí wọ́n kọ lẹ́tà ọjà kọ̀ọ̀kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, torí a kì í ná ọjà méjì tó múlé gbe ara wọn lọ́jọ́ kan náà, oníṣòwò sì ń ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Fún ọjà ìsán, kí wọ́n lo mẹ́jọ: A, B, D, E, Ẹ, F, G, GB. Kí wọ́n má sì ṣe padà sí A bí ọdún bá yí. Mẹ́rin lọ́nà 91 jẹ́ 364, ọjọ́ kan ṣẹ́ kù. Ọjà tó fi ọjọ́ kìíní ọdún yìí bẹ̀rẹ̀ yóò tún ná ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún, èyí tó tẹ̀ lé e yóò sì bọ́ sí ọjọ́ kẹrin ọdún tuntun. Kí Ìyálọ́jà àti awo ìlú yẹ gbogbo rẹ̀ wò, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kó tó dé ilé ìtẹ̀wé.

Kí wọ́n san owó ẹrù àwọn tó pàdánù. Kí wọ́n kéde àtúnṣe lórí rédíò. Kí wọ́n fi òǹkà ọjọ́ wa kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Mo gbọ́ pé wọ́n ti ń múra àtitẹ kàlẹ́ńdà ọdún tó ń bọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kí wọ́n bi wá. Ìyálọ́jà ní gbogbo ọjọ́ ọjà lòun wà ní ìsọ̀ òun láti òwúrọ̀.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.