Ẹ má jẹ́ kí ilé wa nìkan dá yàtọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o, mo kí àǹtí àtàwọn ọmọ. Ara mi le, iṣẹ́ sì ń lọ. Ọ̀rọ̀ àtúnṣe ilé ni mo fẹ́ tètè dáhùn kí bíríkìlà tó dé.

Ẹ ní ẹ fẹ́ kó dára ju gbogbo ilé àdúgbò lọ. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹni tó ń díye lé ilé kì í wo iye tí onílé ná. Àwọn ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tà nítòsí, tó bá tiyín dọ́gba ní títóbi àti ọjọ́ orí, ló máa fi díwọ̀n. Bí ìyẹn bá lọ ní pọ́ọ́kú, wọ́n á fa tiyín wálẹ̀, ẹ ì báà fi mábù tẹ́ gbogbo ilẹ̀. Ẹni tó ní ilé kékeré láàárín ilé ńláńlá ló ń jèrè: aládùúgbò náwó, iye ilé tirẹ̀ gòkè. (Ó ń dunni, àmọ́ bí ọjà ṣe rí nìyẹn.)

Òrùlé tó ń jò, wáyà àtijọ́ àti páìpù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Kò sẹ́ni tó máa yìn yín fún wọn, ṣùgbọ́n olùrà tó bá rí ògiri tó rin á ti máa ṣírò ohun tó máa ná, á sì yọ ọ́ nínú owó yín. Lẹ́yìn náà, ẹ kun iwájú ilé, kẹ́ ẹ sì bá àwọn aládùúgbò sọ̀rọ̀ kí gbogbo yín jọ tún gọ́tà ṣe. Bí ilé tiwọn bá tà dáadáa, òun ni wọ́n máa fi díwọ̀n tiyín lọ́la. Mábù kò lè ṣe ìyẹn.

Ẹ rántí àwọn ayálégbé náà. Láti 1964 ni Ruth Glass, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, ti kọ ọ́ nípa London pé bí àwọn tó rí jájẹ ṣe ń ra ilé àtijọ́ tí wọ́n sì ń tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ tó ti ń gbébẹ̀ ń kó jáde. Iye ilé gòkè, owó háyà tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin náà ò sì lè ná gbogbo iye tó gòkè yẹn àyàfi tẹ́ ẹ bá tà á, bẹ́ẹ̀ ẹ ò fẹ́ tà.

Ẹ ya fọ́tò òrùlé ránṣẹ́ sí mi. Owó tirẹ̀ ni màá kọ́kọ́ fi ránṣẹ́.

Èmi àbúrò yín.