Ẹ̀sùn lórí ilé ẹbí wa ní Pópó Àgùdà, àti Ọjọ́bọ̀ mẹ́rin tí ẹ fi tàn wá

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù keje

Sí Ọ̀gá Àgbà ilé-iṣẹ́ quantity surveyor (àwọn tó ń ṣírò owó iṣẹ́ ilé) tí a gbà fún àtúnṣe ilé wa,

N ò ní pẹ́ lórí ìkíni, nítorí ìkíni nìkan ni mo ti ń gbà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yín láti oṣù kẹrin.

Fáìlì wa wà lọ́dọ̀ yín, torí náà n ò ní ròyìn ilé fún yín. Ẹ̀yin lẹ kọ ìwé téńdà tí àwọn agbaṣẹ́ṣe fi dá iye owó wọn, ẹ̀yin lẹ ṣí àpòòwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú wa, ẹ̀yin náà lẹ ní ká má mú ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù, pé ẹnì kejì ló mọ bí wọ́n ṣe ń tún ilé Àgùdà ṣe. A gbà. Ẹbí dáwó, a sì san tiyín lọ́tọ̀ kí ẹ lè dúró láàárín àwa àti agbaṣẹ́ṣe. Ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ wá lọ dúró sí.

Ọjọ́ kejì oṣù kejì lẹ buwọ́ lùwé pé iṣẹ́ ti parí, ìdajì owó agbaṣẹ́ṣe tí a dá dúró sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin, omi gba àjà wọ yàrá àǹtí mi. Mo kọ íméèlì lọ́jọ́ náà gan-an. Ọmọkùnrin yín tó ń bójú tó iṣẹ́ wa ní òun ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Àǹtí mi, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ní kí wọ́n lọ ra mínírà tútù kalẹ̀ dè é. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mínírà gbóná. Ọjọ́bọ̀ mẹ́rin lẹ ti dá fún wa báyìí. Láti ìkejì ni àǹtí mi ò ti ra mínírà mọ́.

Mo wá gbéra fúnra mi wá sí ọ́fíìsì yín ní Yábàá. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà kò gbójú kúrò lára fóònù rẹ̀, ó ní ọ̀gá wà ní sáìtì. Sáìtì wo? Mo ń gbọ́ ẹ̀rín ọmọkùnrin yín yẹn lẹ́yìn ilẹ̀kùn! Nígbà tó jáde tó rí mi, ó ní, “Mọ́mì, ẹ lọ ka kọ́ńtíráàtì yín dáadáa. Ilé àtijọ́ ni, ilé àtijọ́ a máa jò.” Ó sì wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Ilé àtijọ́ ni lóòótọ́. Kí wọ́n má baà wó o bí wọ́n ṣe wó Ilojo Bar, ilé Àgùdà àtijọ́, ní Tinúbu ní 2016 la ṣe ná owó sí i.

Mo padà sílé, mo ka kọ́ńtíráàtì. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni agbaṣẹ́ṣe fi gbọ́dọ̀ máa tún àlèébù ṣe láìgba kọ́bọ̀, ẹ̀yin lẹ sì gbọ́dọ̀ kọ àlèébù náà sílẹ̀ fún un, kì í ṣe èmi. Ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ni yóò pé. Ṣé August break lẹ ń dúró dè ni? Kí òjò dá, kí ẹ wá wo àjà gbígbẹ, kí ẹ buwọ́ lu ìwé ìkẹyìn, kí 2.5% tó kù nínú owó agbaṣẹ́ṣe tí a dá dúró náà máa bá tirẹ̀ lọ? Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí mi sí o. Mo mọ ìgbà tí òjò ń rọ̀ ní Èkó.

Kí ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù yìí tó kọjá, kí ẹni tó láṣẹ (kì í ṣe ọmọkùnrin yẹn) mú agbaṣẹ́ṣe wá, kí ó kọ gbogbo àlèébù sílẹ̀, kí ó sì dá ọjọ́ tí àtúnṣe yóò parí. Mo tún fẹ́ ìròyìn téńdà tí mo ti béèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Àforíjì kan tún wà tí ẹ jẹ àǹtí mi. Tèmi lè dúró.

Bí ẹ ò bá wá, owó iṣẹ́ yín tó kù lọ́wọ́ ẹbí kò ní kúrò níbi tó wà. Mo ti ṣe ẹ̀dà gbogbo íméèlì wa: ọ̀kan á lọ sí QSRBN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso àwọn quantity surveyor, níbi tí ẹ ti forúkọ sílẹ̀ kí ẹ tó lè máa fi òǹtẹ̀ lùwé, ọ̀kan á lọ sí LASCOPA, àjọ Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ lọ́yà ẹbí, ó sì ti ń kà á.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, korobá méjì ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì àǹtí mi. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní Ọjọ́rú láti sọ pé ẹ ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀.

Èmi ni,
Akọ̀wé ẹbí, Òpópónà Bamgbose, Pópó Àgùdà