Àdùkẹ́, Ta Ni O Bi Kí O Tó Kúrò ní Sáyẹ́ǹsì?

Ìsàlẹ̀-Àfọ́n,
Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ Ẹtì, lálẹ́.

Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ikọ́ tí ó ń dà ọ́ láàmú nígbà tí o wọlé ti lọ? Gbogbo wa wà dáadáa nílé, àfi ìyá àgbà tí orúnkún rẹ̀ tún ń yọ lẹ́nu, ìyẹn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Ewúrẹ́ ti bí méjì. Bàbá rẹ ti pààrọ̀ páànù tí ń jò ní ilé ìdáná, ó wá ku ojú ìṣó tuntun tí omi ń gbà wọlé báyìí.

Kì í ṣe nítorí èyí ni mo ṣe jókòó ti bébà ní aago mẹ́wàá alẹ́. Ní ọjọ́ Ajé ni àǹtí rẹ tí ń ta aṣọ ní ọjà Akẹ̀sán pè mí lórí fóònù. A ti sọ̀rọ̀ iye tí gaàrí dà tán, ó ti fẹ́ dágbére, ni ó bá ní, "Ẹ kú oríire o, mo gbọ́ pé Àdùkẹ́ ti ń di lọ́yà bọ̀." Mo ní lọ́yà báwo? Ó ní ọmọ òun tí ẹ jọ wà ní SS1 ni ó sọ fún òun pé o ti kó ìwé rẹ kúrò ní kíláàsì Sáyẹ́ǹsì, àti pé ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí o ti ń jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ Áàtì. Mo rẹ́rìn-ín, mo dá a lóhùn bí ẹni tí ó ti mọ̀. Àdùkẹ́, n kò mọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn gan-an náà ni o kò fi yá fóònù mátírọ́ọ̀nù yín pè mí. Ta ni o bi kí o tó ṣe é?

Má tíì fèsì. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú ná. Ìwé Físíìsì tí mo rà fún ọ ní oṣù Kẹsàn-án, n kò tíì san owó rẹ̀ tán fún ẹni tí mo yá a lọ́wọ́ rẹ̀. Aṣọ funfun tí ẹ ń wọ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣe Kẹ́mísírì, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé e padà fún télọ̀ nítorí pé apá rẹ̀ gùn jù. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kò gbọdọ̀ dìde kúrò níbi tí a fi í sí, kí ó lọ jókòó síbòmíràn, kí ó sì jẹ́ pé ẹnu ọlọ́jà ni ìyá rẹ̀ yóò ti gbọ́. Ó dùn mí. Ó dùn mí gan-an. Mo ti bínú tán.

Ìwọ náà mọ iṣẹ́ mi. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń jókòó nídìí kọ̀ǹpútà níbi tí àwọn ọmọ ti ń forúkọ sílẹ̀ fún JAMB. Bí ọmọ bá ti jókòó síwájú mi, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi í ni pé, "Kí ni o fẹ́ kà?" Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíràn á yíjú wo ìyá rẹ̀. Ẹlòmíràn á ní kí n bá òun wá èyí tí kò ní le. Ní ọdún tó kọjá, ọmọkùnrin kan wọlé, WAEC rẹ̀ dára, ó ṣe dáadáa nínú Gọ́fúmẹ́ǹtì àti ẹ̀kọ́ Bíbélì, ó ní Òfin ni òun fẹ́ lọ kà. Mo wo èsì ìdánwò náà lókè, mo wò ó nísàlẹ̀, n kò rí Lítíréṣọ̀ níbẹ̀. Mo béèrè. Ó ní olùkọ́ Lítíréṣọ̀ wọn máa ń na ènìyàn jù, nítorí náà ni òun ṣe yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí òun ń kọ́. Bẹ́ẹ̀ Lítíréṣọ̀ yìí ni àwọn yunifásítì ń kọ́kọ́ wò lára ẹni tí ó fẹ́ ka Òfin. Ìyá rẹ̀ dúró tì í, ó di owó mọ́ ọwọ́, kò mọ ohun tí àwa méjèèjì ń sọ. Nítorí pàṣán olùkọ́ kan, ọmọ náà ní láti padà lọ jókòó ṣe ìdánwò fún ọdún kan sí i, kò sì sí ẹnikẹ́ni tí ó sọ ọ́ fún un nígbà tí ó ṣì ṣe é tún ṣe.

Ẹ̀kọ́ mẹ́rin péré ni JAMB tí gbogbo ayé ń sá kiri nítorí rẹ̀ yìí. Dandan ni Èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìbéèrè 60 ni tirẹ̀. 40-40 ni ti àwọn mẹ́ta yòókù, tí gbogbo rẹ̀ fi jẹ́ ìbéèrè 180, tí wọ́n sì ń gba máàkì lé lórí nínú 400. Ohun tí o bá fẹ́ kà ni yóò sọ àwọn mẹ́ta yẹn fún ọ. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì yóò ṣe Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì. Ẹni tí ó fẹ́ ka ẹ̀kọ́ ọrọ̀-ajé yóò ṣe Ìṣirò, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe tàn ọ́ pé ẹni tí ó bá ti dé kíláàsì Áàtì ti bọ́ lọ́wọ́ Ìṣirò. Ó ṣì ku ọdún méjì kí o tó jókòó ṣe JAMB lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o ti gbé àga rẹ kúrò ní kíláàsì kan sí èkejì ni o ti bẹ̀rẹ̀ sí í yàn án. Ìwọ tí o ti ń sọ láti kékeré pé nọ́ọ̀sì ni o fẹ́ ṣe, tí o máa ń fi ìgbálẹ̀ gún ọmọláńgidi rẹ lábẹ́rẹ́, bí ó bá jẹ́ pé ó ṣì wù ọ́, ọ̀nà Áàtì kò débẹ̀. Bí kò bá sì wù ọ́ mọ́, sọ bẹ́ẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ òtítọ́ lórí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì yìí, níwọ̀n ìgbà tí bàbá rẹ ti sùn. Bóyá èmi gan-an ni mo fi sí ọ lẹ́nu. Ní ọjọ́ tí o kọ́kọ́ sọ ọ́, mo bu ẹran kan kún èyí tí ó wà nínú àwo rẹ. O kò pé ọdún mẹ́fà. Ọmọ wo ni kò ní tún un sọ lọ́jọ́ kejì?

Ohun tí ń bà mí lẹ́rù kì í ṣe Áàtì. Lọ́yà kì í ṣe olè, olùkọ́ kì í ṣe ọ̀lẹ, oníròyìn náà sì ń jẹun. Ohun tí ń bà mí lẹ́rù ni pé o ṣe é, o sì dákẹ́. Mo mọ ìdákẹ́ yẹn. Ó ti gbé inú ilé yìí rí, mo sì ń pè é ní ìwà pẹ̀lẹ́.

Pírámárì ni o wà nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ kọ́kọ́ fẹ́ ṣe JAMB. Èmi ni mo forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà tèmi, ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan. Ó dúró sẹ́yìn àga mi. Gbogbo ọmọ ọlọ́mọ tí ó wá ní ọjọ́ náà ni mo bi pé kí ni wọ́n fẹ́ kà. N kò bi í. Mo yan Ìṣègùn sí ipò kìíní, mo yan Ìṣègùn sí ipò kejì, mo sì fi nọ́ńbà fóònù tèmi síbi tí wọ́n ní kí a kọ nọ́ńbà sí, nítorí mo rò pé kò ní lè tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n bá fi ránṣẹ́. Ó ní, "Ẹ ṣé, màámi." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ṣe ìdánwò náà. 214. 231. 226. Àwọn ọmọ mìíràn fi èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀ wọlé lọ ka ohun tí ó wù wọ́n, ṣùgbọ́n Ìṣègùn kò gbà á. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta ni ọmọkùnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wá bá mi, tí ojú ń tì í, tí ó ní láti ọdún kejì ni ẹ̀gbọ́n rẹ ti wá bá òun ní ìkọ̀kọ̀, tí ó béèrè bóyá ènìyàn lè yí ohun tí ó fẹ́ kà padà kí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ má sì dé orí fóònù ìyá òun.

Ọmọ mi ni, Àdùkẹ́. Ní ibi iṣẹ́ mi. Ó ń wá ọ̀nà tí yóò gbà lẹ́yìn mi kọjá.

Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ni ó wù ú. Wọ́n ń béèrè Ìṣirò àti Físíìsì fún un, ó sì ní méjèèjì. Wọ́n ń kọ́ni ní iṣẹ́ náà ní LAUTECH níhìn-ín, yunifásítì tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti ọdún 1990, tí mo ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ lójoojúmọ́. Ìlọrin ni ó wà báyìí, ó ń bá ọ̀gá kan tí ń ṣe fèrèsé ṣiṣẹ́, òun ni ó ń lọ wọn ojú fèrèsé nínú ilé àwọn ẹlòmíràn. Ó máa ń pè mí ní ọjọ́ Ìsinmi. Á béèrè àlàáfíà mi, á béèrè ti bàbá rẹ̀, á béèrè tìrẹ, á wá ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò dára. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì dára.

N kò fi èyí wá àwáwí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bi èmi náà rí. Nígbà tí a parí JSS3, olùkọ́ kan wọlé pẹ̀lú ìwé gígùn, ó ka orúkọ àwọn tí ń lọ sí Sáyẹ́ǹsì, ó ka ti Áàtì, ó ní kí ẹni tí kò bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ máa lọ sí Kọ̀máṣíà. Gbogbo rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Báyìí ni mo ṣe dé ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, tí mo sì ti ibẹ̀ dé ìdí kọ̀ǹpútà. Mo wá búra nínú ara mi pé ọmọ tèmi kò ní jẹ́ ẹni tí wọ́n gbàgbé orúkọ rẹ̀. Mo rò pé bí mo bá yan èyí tí ó tóbi jù lọ fún un, mo ti tún un ṣe.

Ní ìpàdé òbí tí a ṣe nígbà tí ẹ wọlé, olùdámọ̀ràn ilé-ìwé yín sọ̀rọ̀ kan. Mo ti ń tòògbé, ṣùgbọ́n èyí ta mí jí. Ó ní ní ọdún 1959, àwọn sístà ìjọ Àgùdà ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, Ìbàdàn, ránṣẹ́ pe ogún ènìyàn tí wọ́n ń ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́, kí wọ́n wá bá ọmọbìnrin 60 tí ó fẹ́ jáde sọ̀rọ̀, àti pé 54 nínú wọn ni ó rí iṣẹ́. Ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ń tọ́ka sí pé ìdámọ̀ràn iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwé ilẹ̀ wa. Ohun tí mo ń rò nígbà tí mo ń padà bọ̀ nílé ni pé Ìbàdàn kò jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ọdún 1959 sì ti pẹ́ kí wọ́n tó bí mi. Kí ni kò jẹ́ kí ó kàn mí?

Obìnrin olùdámọ̀ràn náà wà lọ́dọ̀ yín. Iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn, òun ni ìjọba ń sanwó fún. Lọ bá a ní ọ̀sẹ̀ yìí, mú èsì JSS3 rẹ dání, kí o sọ fún un bí ó ṣe jẹ́ gan-an: ṣé Físíìsì ni ó le, ṣé olùkọ́ ni, ṣé ọ̀rẹ́ rẹ ni o tẹ̀ lé, àbí o ti rí ohun tí ó wù ọ́. Olúkúlùkù wọn ni ó ní ìdáhùn tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ ni o tẹ̀ lé, n ó gbá ọ létí nígbà tí o bá dé, kí o sì padà. Bí ó bá jẹ́ pé Òfin ni ó wù ọ́ lóòótọ́, ọdún márùn-ún ni ní yunifásítì kí ó tó kan ilé-ẹ̀kọ́ àwọn amòfin, a ó sì wá owó rẹ̀. Lọ́yà kan wà tí ó máa ń wá tẹ ìwé lọ́dọ̀ wa. Mo ti bi í bóyá o lè wá máa jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì nígbà ìsinmi, kí o máa wo bí iṣẹ́ náà ṣe rí ní ọjọ́ tí kò sí ẹjọ́ tí ó dùn. Ó gbà. Ní ọjọ́ Iṣẹ́gun ni mo bi í, ọjọ́ kejì tí inú ṣì ń bí mi.

Nígbà tí ó bá sì tó àsìkò JAMB tìrẹ, nọ́ńbà tìrẹ ni a ó fi síbẹ̀.

Mo fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà sínú àpòòwé yìí. Kò pé iye tí mo ṣèlérí, oṣù yìí ni kò dára. Bí ó bá jẹ́ òtítọ́ ni o ti kúrò ní Sáyẹ́ǹsì, fi ra ìwé Lítíréṣọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé irọ́ ni àǹtí rẹ pa, fi ra gaàrí àti ṣúgà. Kí o pè mí ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn. N ó gbé fóònù, n kò sì ní sọ nǹkan kan títí ìwọ yóò fi sọ̀rọ̀ tán.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.

Má fi ìwé Físíìsì yẹn ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ o. Mo ní n kò tíì san owó rẹ̀ tán.