Igi yẹn kì í ṣe idà o, apasà tí wọ́n fi ń hunṣọ ni

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Fọ́tò igi gígùn yẹn tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí tí ẹnì kan láti Ṣàgámù ní òun bá ní àjà ilé bàbá òun, tí ẹ ní kí ẹni tó bá mọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe kọ̀wé wá, mo ti ka èsì mẹ́ta tí wọ́n fi ránṣẹ́, ẹ má bínú, kò sí ẹyọ kan tó bá a nínú ẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ní idà ogun Ìmàgbọn ni. Ogun 1892! Ìbọn ni Òyìnbó gbé wá, àwa Ìjẹ̀bú náà ní ìbọn lọ́wọ́, ta ló máa gbé pákó pẹlẹbẹ lọ pàdé ọta? Ẹnìkejì ní ti eégún ni. Ẹnìkẹta ní ọmọrogùn ni, tiẹ̀ ló dùn mí jù, torí àwa náà ti ṣe irú ẹ̀ rí, ojú ṣì ń tì mí.

Ìyá tó bí ìyá mi, Ìyá Aláṣọ ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n n'Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Nígbà tí wọ́n kú, kíá làwọn èèyàn pín ìró àti gèlè, kò sẹ́ni tó bèèrè igi. Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnì fún ọ̀pọ̀ ọdún, wòlíì kan tiẹ̀ wá gbàdúrà nílé wa lọ́jọ́ kan, ó ní ká dáná sun ún, ọlọ́run yọ ọ́, kẹrosíìnì ò sí nílé lọ́jọ́ náà. Ìgbà tó wá di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kan, ọmọrogùn ńlá sọnù, ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bá fa igi yìí yọ, ó tì í bọ ìkòkò fùfú. Ìyá arúgbó kan tó jókòó ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ló pariwo: "Ha! Apasà lẹ fi ń ro fùfú! Apasà Ìyá Aláṣọ!"

Màmá yẹn ní ká gbé e wá, wọ́n fi etí ìró wọn nù ún, wọ́n wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ògiri, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n ní ká gbà pé òwú ti nà láti òkè wá sísàlẹ̀ níwájú àwọn. Wọ́n ki ẹnu ṣóńṣó ẹ̀ sáàárín òwú tí kò sí níbẹ̀, wọ́n yí i dúró lórí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kí òwú lè là sí méjì, wọ́n fi ọwọ́ kejì ṣe bíi pé wọ́n ń ti òwú tó gba ìbú kọjá, wọ́n wá fa apasà wálẹ̀ kó lè gbá òwú náà mọ́ra, gbà! gbà! Ọwọ́ wọn ò gbàgbé nǹkan kan. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ dákẹ́, fùfú sì ń jóná.

Ẹni tó ni igi Ṣàgámù yẹn, ẹ sọ fún un kó gbé e síta lójú oòrùn, kó wo etí ẹ̀ dáadáa. Tó bá jẹ́ apasà tí wọ́n lò, á rí ojú ìlà wẹ́wẹ́ tó tò tìmọ́tìmọ́, òwú ló jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ ní àìmọye ọdún, tó bá fi èékánná gbá a, á máa kọ́ ọ lọ́wọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọrogùn kì í ní irú ìlà yẹn, orí ẹ̀ ló máa ń dúdú, tí omi gbígbóná á ti sọ ọ́ di gbágungbàgun. Apasà á máa dán látòkè délẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi òróró pa á.

Àwọn kan á ní aláṣọ òkè Ìṣẹ́yìn kì í lò ó. Òótọ́ ni, òfì, irinṣẹ́ ìhunṣọ, tí àwọn ọkùnrin ń lò nìyẹn, nǹkan bí òòyà tó wà nínú òfì ló ń ti òwú mọ́ra wọn, aṣọ wọn sì tín-ín-rín. Òfì àwọn ìyá wa ló dúró ti ògiri, aṣọ ibẹ̀ fẹ̀, apasà sì gbọ́dọ̀ gùn ju ìbú aṣọ lọ, tiwa gùn tó apá mi láti èjìká dé orí ìka. Irú òfì yẹn ni wọ́n fi ń hun ìtagbè tí àwọn olóyè Òṣùgbó, ẹgbẹ́ awo àwọn àgbà ìlú, ń gbé léjìká, èyí tí wọ́n yọ òwú lára ẹ̀ bíi ṣàkì màlúù. Aṣọ Ìjẹ̀bú yìí kan náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀yà Ìjọ (Ijaw) létí òkun, wọ́n ń pe irú ẹ̀ kan ní ikakibite, aṣọ ìjàpá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń rán ẹgbẹ́jọdá fún Ojúde Ọba lọ́dọọdún, ẹ mélòó nínú yín ló ti fojú kan apasà rí?

Olóòtú, ẹ bá mi bẹ ẹni yẹn kó má tíì tà á fún àwọn tó ń ra nǹkan àtijọ́ kiri. Kó kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé ẹ̀ ìyá wo ló hunṣọ níbẹ̀. Tiwa ti wà lórí ògiri pálọ̀ báyìí, àbàwọ́n fùfú ṣì wà lẹ́nu ẹ̀, kò kúrò.

Èmi ni ọmọ-ọmọ Ìyá Aláṣọ,
Ìjẹ̀bú-Òde